Kíláàsì Tí Bàbá Mi Àgbà Sá Fún

Bí ọdún Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá mi àgbà a gbé síléètì dúdú kan síta ṣọ́ọ̀bù wọn nílùú Ìlá, wọn a sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: MI Ò GBA AṢỌ MỌ́. Kò sí télọ̀ mìíràn ládùúgbò wa tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù a máa gba aṣọ títí ọdún yóò fi ku ọ̀la, wọn a máa búra, nígbà tó bá sì yá, wọn a gba ẹ̀yìn ilé sá lọ. Bàbá a jókòó síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, téèpù a wà lọ́rùn wọn. Bí ẹnì kan bá gbé léèsì dé, wọn a fi ẹnu júwe síléètì fún un. Bí ẹni náà bá ń bẹ̀ wọ́n pé tòun nìkan ló kù, wọn a yọ awò ojú wọn, wọn a na ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀.

"Méjì náà nìyí. Ọlọ́run kò fún mi ní ẹ̀kẹta nítorí Iléyá."

Ìgbéraga làwọn èèyàn pè é. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi pè é ní ọ̀lẹ, mo kàn ń sọ ọ́ nínú ara mi ni.

Sàláwù lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Télọ̀ ni gbogbo ìlú mọ̀ wọ́n sí. Ọdún yìí ni wọ́n fi wá sílẹ̀. Mi ò ní ka ìtàn ayé wọn láti ọjọ́ tí ìyá wọn bí wọn títí di ọjọ́ tí a sin wọ́n. Àwọn tó mọ ìyẹn jù mí lọ ṣì wà láàyè. Èmi Àwáwù kàn jẹ́ ọmọ ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ń bá wọn jẹun nínú abọ́ kan, tó sì mọ ohun tó máa ń bí wọn nínú. Ìgbómìnà ni wọ́n ń bá mi sọ nílé. Gbogbo ibi tí mo bá ti kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ níhìn-ín, èmi ni mo yí i sí Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́, ó sì máa ń dà bíi pé mo bu omi là á.

Rédíò máa ń bí wọn nínú. Kékeré kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n sì ń bá akàròyìn jà. Bí ó bá ṣi gbólóhùn kan sọ, Bàbá a dá ẹ̀rọ dúró, wọn a tún gbólóhùn náà sọ bó ṣe yẹ, wọn a wá dákẹ́ díẹ̀, àfi bíi pé wọ́n ń retí kí akàròyìn tún un sọ tẹ̀lé wọn. Mo tún máa ń wo ọwọ́ ìkọ̀wé wọn lára síléètì. Ó rẹwà ju ti gbogbo olùkọ́ tó kọ́ mi lọ, lẹ́tà kan ò ga ju èkejì. Mo béèrè lọ́jọ́ kan ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ.

"Ibì kan ni," wọ́n ní. "Mi ò pẹ́ níbẹ̀."

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Wọ́n lè jà. Alàájì Lásísì, aládùúgbò wa tó ń wa ọkọ̀ akérò lọ sí Òṣogbo, gbé aṣọ wá lọ́dún kan lẹ́yìn tí síléètì ti jáde. Bàbá kọ̀. Alàájì pariwo láàárín títì pé, "Ẹ̀yin tí a jọ ń tò sí sàfù kan náà kírun!" Bàbá dá a lóhùn pé, "Sàfù la jọ wà. Síléètì ńkọ́?" Láti ọjọ́ náà, ọ̀kan a dúró sí ọ̀tún mọ́ṣáláṣí, èkejì a lọ sí òsì pátápátá. Ó tó oṣù méjì. Àǹtí mi Sìdí, ọmọ tí Bàbá bí tẹ̀lé bàbá mi, bẹ̀bẹ̀ títí, kò rí i ṣe.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Bàbá dìde fúnra wọn, wọ́n mú fìlà tuntun kan, wọ́n ní ká lọ sílé Alàájì. Wọ́n fi í lé Alàájì lórí. Ó bá orí rẹ̀ mu rẹ́gí. Alàájì ní, "Ìgbà wo lẹ wọn orí mi?" Bàbá ní látẹ̀yìn ni, nínú mọ́ṣáláṣí, nígbà tí wọ́n ń wò ó pẹ̀lú ìbínú. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Alàájì. Bá a ṣe ń padà bọ̀, mo bi wọ́n léèrè ìdí tó fi jẹ́ àwọn tí wọ́n jàre ló lọ bẹ ẹni tó jẹ̀bi.

"Ìjà tí a kò bá parí, a máa dàgbà nínú ilé bí ọmọ," wọ́n ní. "Ó sì máa ń jẹun ju ọmọ lọ."

Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, gbogbo ilé yọ̀. Bàbá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kàn rán bùbá méjì fún mi, wọ́n fi àpò ńlá sí i ní ọ̀tún àti òsì. Mo ní àpò yìí kò bóde mu. Wọ́n ní, "Olùkọ́ tí kò bá ní àpò, gbogbo ọjọ́ ni yóò máa wá ṣọ́ọ̀kì kiri." Ó yẹ kí n ti béèrè ibi tí télọ̀ ti mọ ìyẹn. Mi ò béèrè.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ìlá ni wọ́n gbé mi lọ. Àràárọ̀ ni mò ń gun ọ̀kadà lọ láti Ìlá. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n fún mi, mo sì fẹ́ràn wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ṣí olùkọ́ kíláàsì karùn-ún nípò lọ síbòmíràn, wọn ò rán ẹlòmíràn wá. Wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tèmi nínú yàrá kan. Àwọn kan ń jókòó lójú fèrèsé. Rẹ́jísítà di méjì. Ètò ẹ̀kọ́ tí mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ kí ọ̀gá fọwọ́ sí i di ìlọ́po méjì. Inú àpò ìrẹsì ni mò ń kó ìwé àwọn ọmọ sí wálé, tí mo bá sì máàkì ti kíláàsì kan tán, ti kíláàsì kejì ti tún dé. Ohùn mi há. Oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, nítorí pé ọjọ́ Ajé ló tẹ̀ lé e.

Lójoojúmọ́, ọ̀gá wa obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Màmá a dúró lẹ́nu géètì, wọn a ní, "Ṣé kò sí o?" Èmi náà a kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Kò sí, mà." Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ pé ó wà, wọn á ní ayédèrú ni ìwé ẹ̀rí tí mo gbà.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tó ń jẹ́ Múlíkà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń nawọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún un pé kó jókòó. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo rìn kiri láti wo ohun tí wọ́n kọ. Ìwé tirẹ̀ ṣófo. Mo gbé rúlà, mo nà án lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sunkún. Ó ní, "Àǹtí, mi ò rí ojú pátákó láti ibí ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín láti ọjọ́ Ajé nìyẹn."

Mo jáde lọ sẹ́yìn kíláàsì, mo kọjú sí ògiri. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo lò níbẹ̀. Ní ìsinmi ọ̀sán, mo kọ lẹ́tà pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀.

Tààrà ni mo lọ bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ yẹn. Wọ́n ń ṣe ojú bọ́tìnnì dàńṣíkí kan. Mo jókòó sórí àpótí, mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan ti rúlà. Wọn ò gbójú sókè. Nígbà tí mo sọ pé mo ti kọ lẹ́tà, wọ́n nawọ́, mo gbé e fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni. Mi ò rí wọn kí wọ́n ka Gẹ̀ẹ́sì rí, ṣùgbọ́n wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè wọn ò mì.

"Lẹ́tà náà dára," wọ́n ní, wọ́n sì dá a padà fún mi. "Ìjọba lo kọ ọ́ sí. Èwo lo kọ sí àwọn ọmọ?"

"Bàbá, ọmọdé ni wọ́n. Wọn á gbàgbé mi. Wọn á rí olùkọ́ mìíràn."

Wọ́n fi aṣọ sílẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ò tíì ṣú, wọ́n sì padà wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, kì í ṣe sídìí ẹ̀rọ.

"Èmi náà ṣe tíṣà rí," wọ́n ní.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n nígbà náà. Ìjọba ti kéde pé kí gbogbo ọmọ máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí olùkọ́ tó, ni wọ́n bá ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé. Wọ́n gbé Bàbá lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀rà. Àwọn nìkan ni olùkọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń ti oko wá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pọ̀ sí i, kíláàsì méjì nínú yàrá kan. Ìjọba ò kọ́ Bàbá ní iṣẹ́ náà, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n kàn fún wọn. Bàbá ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ń le fún àwọn.

"Ní ọjọ́ Ẹtì kan, àwọn ọmọ pariwo púpọ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ òkúta, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mi ò dúró títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ránṣọ ní Ìbàdàn. Mo parọ́ fún ilé pé wọ́n ti ilé-ìwé náà pa. Ìyá rẹ àgbà kú, kò mọ̀."

Mo ní, "Ṣé ẹ kábàámọ̀ pé ẹ fiṣẹ́ náà sílẹ̀ ni?"

"Rárá o. Iṣẹ́ aṣọ wù mí, mo sì rí jẹ nídìí rẹ̀. Kì í ṣe pé mo lọ ló ń dùn mí, Àwáwù. Bí mo ṣe lọ ni."

Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ọlọ́kadà méjì fún ọjọ́ Sátidé. Wọ́n fẹ́ lọ sí abúlé náà. Àǹtí Sìdí gbọ́, ó wá ká wa mọ́lé. "Bàbá, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, lórí ọ̀kadà, títí dé ẹ̀yìn Ọ̀rà? Kí lẹ ń wá lọ?" Bàbá ò sọ ohun tí wọ́n ń wá lọ. Wọ́n kàn wọ bàtà wọn.

"Orí ọ̀kadà kì í béèrè ọjọ́ orí," wọ́n ní. A sì lọ.

Ilé-ìwé àtijọ́ ti wó. Àgbàdo ni wọ́n gbìn sójú rẹ̀. Bàbá dúró sẹ́bàá àgbàdo náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà la rìn wọ abúlé, a rí ìyá àgbàlagbà kan tó ń bó ẹ̀gúsí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá kí i, wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó kàwé níbí láyé ọjọ́un. Ìyá náà gbójú sókè. Ó wo Bàbá, ó wo bí èjìká òsì wọn ṣe rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún. Àtẹ ẹ̀gúsí yẹ̀ lórí itan rẹ̀.

"Tíṣà?"

Ìyá Ràṣídà ni wọ́n ń pè é. Ó ránṣẹ́ pe àwọn yòókù tó ṣẹ́ kù nílé: bàbá méjì àti obìnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn. Àwọn mẹ́rin náà jókòó sórí àga gbọọrọ kan. Bàbá ò gbà láti jókòó. Wọ́n ṣí fìlà wọn.

"Ohun tó yẹ kí n ti sọ fún yín lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ni mo wá sọ," wọ́n ní. "Ó dàbọ̀."

Ìyá Ràṣídà ló wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

"A wá lọ́jọ́ Ajé. Ilẹ̀kùn wà ní títì. A tò síta bẹ́ ẹ ṣe kọ́ wa, a dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. A ní ariwo tí a pa ló bí yín nínú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wa gbé ọkọ́ àti àdá láti ilé. A ro gbogbo pápá ilé-ìwé, a gbá a, a fi omi fọ ilẹ̀kùn. A ní tí ẹ bá dé tí ẹ rí i, inú yín á yọ́."

Mo wo Bàbá. Fìlà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti ká a mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ fún omi inú rẹ̀ dànù. Omi ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún.

"Kì í ṣe ẹ̀yin," wọ́n ní. "Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹrù ló wúwo fún mi, mi ò wí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bínú."

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, mi orí. "Tíṣà, ẹ ò bá ti sọ. Àwọn bàbá wa ì bá rán èèyàn sí yín. Ṣé ẹnì kan máa ń dá òrùlé gbé ni?"

Bóyá ẹkún ni ìbá tún gba ẹnu wa, ṣùgbọ́n Ìyá Ràṣídà fi ọwọ́ lu itan. "Ẹ jẹ́ kí n béèrè tèmi. Ìlọ́po méje lẹ kọ́ wa dé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Títí di òní yìí, mi ò mọ ìlọ́po mẹ́jọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omi lójú. Wọ́n wò yí ká, wọ́n ṣa èédú kan nídìí ààrò, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ obìnrin yẹn: mẹ́jọ lọ́nà kan, mẹ́jọ, mẹ́jọ lọ́nà méjì, mẹ́rìndínlógún. Àwọn arúgbó mẹ́rin ń kà á tẹ̀lé wọn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń wò. Bàbá ò pariwo. Ńṣe ni wọ́n ń rẹ ohùn wọn sílẹ̀, tí àwọn tó ń gbọ́ fi ń nà sí wọn. Nígbà tí obìnrin tó ń fi ọ̀pá rìn ṣì í ní mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta, wọn ò wí pé ó ṣì í. Wọ́n padà sí ọ̀nà méjì pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì jọ rìn dé ọ̀nà mẹ́ta.

Bá a ṣe ń bọ̀ wálé, Bàbá ní kí ọlọ́kadà dúró kí àwọn na ẹsẹ̀. Eruku ti kùn wọ́n lójú. Wọ́n wo ọ̀nà, wọn ò wo ojú mi.

"Mi ò burú níbẹ̀, àbí?"

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí o?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó wà, mà." Wọ́n ti ń kí ẹlòmíràn kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n yí padà. "Ó wà? Láti ìgbà wo?" Mo ní láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Wọ́n bínú sí mi gidigidi, pé odidi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń kí àwọn ní kò sí, kò sí. Wọ́n fà mí wọ ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gba ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì kíláàsì karùn-ún lọ́wọ́ mi, wọ́n ń fúnra wọn kọ́ àwọn ọmọ náà lábẹ́ igi lẹ́yìn ọ́fíìsì. Olùkọ́ kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gbé ìwé ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún mi, ó ní, "Ta ló ní kó o máa dá a rò láti ìbẹ̀rẹ̀?" Iṣẹ́ náà ò di fífúyẹ́. Àwọn ọmọ ṣì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n mo lè jẹun lọ́jọ́ Àìkú.

Mo bẹ Múlíkà níwájú gbogbo kíláàsì, mo sì gbé e wá sí ìjókòó iwájú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí," bíi pé omi ni mo bù fún un. Ọmọdé a máa dárí jini kíákíá. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Bàbá ò béèrè lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ mi rí. Ó wà nínú àpótí mi fún sáà méjì gbáko, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń wò ó. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ṣòfin fún mi ni pé, tí wọ́n bá ti pe ìrun Màgàríbì, kí n kó ìwé kúrò nílẹ̀. Bí mo bá ń jiyàn, wọn a fúnra wọn pa á dé.

"Ìwé tí a kò máàkì lónìí kò ní kú. Olùkọ́ ló ń kú."

Ọjọ́ Ajé kan ni Àǹtí Sìdí pè mí lórí fóònù nínú kíláàsì. Bàbá kírun àárọ̀ tán, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọn ò dìde mọ́. Mo gbé báàgì mi, mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó mọ ibi tí mò ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti dúró, mo sì padà wọlé. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé, "Bàbá mi àgbà ti kú. Mò ń lọ sílé láti bá wọn sin wọ́n. Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ ni màá padà wá." Lẹ́yìn náà ni mo tó sunkún, lórí ọ̀kadà, títí dé Ìlá.

A sin wọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹta, àwọn arúgbó mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kan níwájú ilé, wọ́n dúró síta, wọn ò mọ ibi tí àwọn yóò jókòó sí. Àǹtí Sìdí lọ bá wọn, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó béèrè ibi tí wọ́n ti mọ Bàbá. Ìyá Ràṣídà ní, "Tíṣà wa ni." Àǹtí yíjú sí mi. Mo fà á sí kọ̀rọ̀, mo rò ó fún un ní ṣókí. Ó di ẹnu mú. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀, ó lọ mú ìyá náà lọ́wọ́, ó sì kó àwọn mẹ́rin wọlé wá sí ibi tí àwa ará ilé jókòó sí. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn ni kí ẹ jókòó."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ìlá. Àwọn kan nílé ní kí n sinmi títí di ọjọ́ kẹjọ, pé kò sẹ́ni tó máa bá mi wí. Nígbà tí mo wọ kíláàsì, gbogbo wọn wà ní ìjókòó, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Àǹtí." Ẹnì kan ti nu pátákó, ó ti kọ ọjọ́ sókè rẹ̀. Múlíkà wà níwájú, ó ń wò mí.

"Àwọn kan ní ẹ ò ní wá," ó ní. "Mo sọ fún wọn pé Ọjọ́bọ̀ lẹ sọ."

Mo ṣí rẹ́jísítà. Mo pe orúkọ àkọ́kọ́, ọmọ náà sì dáhùn.